Reluwé Ò Gba Ògbómọ̀ṣọ́

Reluwé ò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá.
Ọ̀fà ni bàbá mi àgbà ti máa ń lọ wọ̀ ọ́,
iṣu lórí, bàtà lábíyá,
ó ní adùn ìrìn náà kò sí nínú ọkọ̀:
ó wà lójú ọ̀nà tí òun fẹsẹ̀ rìn débẹ̀,
níbi tí èèyàn ti lè yà mu omi,
níbi tó ti lè bínú padà sílé.

Aránṣọ ni mí, ní Màsífà.
Lálẹ́ Sátidé, bí mo bá ti gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀,
tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ a di ilẹ̀ ọba mìíràn.
Ìdíátù a di ọdẹ,
Láoyè a di olè tí kò fẹ́ jalè mọ́,
Oyèérindé tó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà
a di àwòrò òrìṣà kan tó fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ.
Dáìsì mẹ́fà, àbẹ́là méjì nítorí Nẹ́pà,
àti ìwé kan tí mo rà lọ́wọ́ oníwèé àlòkù ní Takíé,
tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ wá rí.

Ìwé náà mọ gbogbo nǹkan.
Ó ní orí afárá la óò gbà.
Ó ní lójú ewé kẹrìnlá, bó ti wù kó rí,
wọn á mú wa, wọn á sì tì wá mọ́lé.

Ìdíátù ní òun ò gba orí afárá.
Mo rọ̀jò lé wọn lórí.
Ó ní kò burú, àwọn á lúwẹ̀ẹ́.
Mo kó ọ̀nì sódò.
Ó ní àwọn á padà sílé lọ sùn.
Mo ní ilé ti jóná.

Ó wò mí. Ó rọra gbé dáìsì kalẹ̀
bí ẹni tó ń dá aṣọ tí kò bá a mu padà:
"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti mọ ibi tá a máa já sí,
ẹ kúkú kà á fún wa ká máa lọ."

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.
Èmi tí mo máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọjà,
mo ti dí mẹ́ta lójú kan.
Ta ní í rán bùbá láìwọn oníbùbá?
Pépà àwòṣe ò léjìká. Èèyàn ló léjìká.
Mo mú abẹ, mo tú ìwé náà
bí ẹni tú ojú rírán.

Mi ò jù ú nù o. Aṣọ tó dáa ni.
Mo yọ afárá, mo fi oníbodè sílẹ̀,
mo bi í pé, kí lo ń fẹ́?
Ó ní ọmọbìnrin òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.
Ìyẹn ò sí nínú ìwé.
Ọbabìnrin òkè odò, kí lò ń bẹ̀rù?
Òkùnkùn, àti gbèsè.
Òrùka tí wọ́n ní ó wà nínú ihò àpáta,
mo mú un dání, mi ò gbé e síbì kan:
ẹsẹ̀ wọn ni yóò júwe ibi tí yóò sùn.
Ewé kẹrìnlá?
Mo fi di ọmọ kajú sísun fún ọmọ onílé.
Mo wá ṣẹ́ etí ìyókù nípọn,
bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó ń dàgbà.

Sátidé kejì, wọ́n dé etí odò.
Mi ò sọ̀rọ̀. Àyà mi ń já.
Láoyè ní, "Ṣé oníbodè ti jẹun?"
Wọ́n bá a jókòó, wọ́n sun iṣu fún un.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ, wọn ò tíì sọdá,
wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin tí mo dá láàárín ọ̀sẹ̀;
Oyèérindé ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì mi,
sára aṣọ oníbàárà.

Oníbodè bá fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan hàn wọ́n.
Wọ́n wà á lọ sí ìhà tí mi ò ya àwòrán rẹ̀.
"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Ìdíátù wí.
Mo wo ìwé. Ìwé ò mọ̀.
Inú mi dùn débi tó ń dẹ́rù bà mí.
Àbẹ́là kan ti kú.
Mo ní, "Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Kí lẹ rí?"